Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi kayak pẹja ní Galveston: kí ni kí n kọ́kọ́ rà?

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Katy

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin tèmi. Katy ni mò ń gbé, lẹ́bàá Houston. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń lọ sí Texas City Dike ní òpin ọ̀sẹ̀, tí mò ń dúró lórí òkúta etí omi, tí mò ń ju ìwọ̀. Ẹja tó ń jẹ ìdẹ mi kò tó ohun tí èèyàn ń gbé lọ sílé, àmọ́ mò ń rí àwọn tó wà nínú kayak, ọkọ̀ ojú omi kékeré tóóró, lọ́ọ̀ọ́kán tí wọ́n ń fa ẹja gìrìwò. Ó ti wọ̀ mí lójú. Owó tí mo lè yọ sílẹ̀ fún gbogbo rẹ̀ pátá, ọkọ̀, àjẹ̀ àti ohun yòówù tó bá kù, kò lé ní dọ́là 700. Mo sanra: páùn 245 ni mo wọ̀n. Corolla ni mò ń wà. Mo mọ̀ ọ́n wẹ̀, àmọ́ omi ìlúwẹ̀ẹ́ inú ẹ́sítéètì wa nìkan ni mo ti ń wẹ̀ ẹ́. Ìyàwó mi ti sọ pé tí mo bá gbé ọkọ̀ ojú omi wọlé, èmi àti ọkọ̀ náà la ó jọ máa sùn ní gáréèjì. Kayak wo ni kí n rà?

Gbóyèga_Pearland

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ra èyí tí wọ́n ń fi àjẹ̀ tù. Ẹ jẹ́ kí owó yín pọ̀ sí i, kí ẹ ra ẹlẹ́sẹ̀. Láti 1997 ni Hobie ti gbé tiwọn jáde, àwọn iléeṣẹ́ mìíràn náà ti ń ṣe é báyìí. Ẹsẹ̀ yín á máa wa ọkọ̀, ọwọ́ yín méjèèjì á wà lára ọ̀pá ìpẹja. Tí atẹ́gùn bá ń gbé yín kúrò níbi tí ẹja wà, ẹ kàn fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ẹ ti padà sáàyè yín. Ẹni tó bá ti wa ẹlẹ́sẹ̀ kì í fẹ́ padà sídìí àjẹ̀ mọ́.

Baba_Ẹlẹ́ja

Gbóyèga, o ò parọ́, àmọ́ o ò dáhùn ohun tí wọ́n bi ọ́. Ọkùnrin yìí ní dọ́là 700. Tuntun ẹlẹ́sẹ̀ máa ń lé ní ẹgbẹ̀rún kan dọ́là dáadáa, ti àwọn olórúkọ ńlá sì ń gba ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń sún mọ́ páùn 100, òmíràn sì kọjá bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò bá a gbé e sórí Corolla? Àti pé èyí tó ní páńkà lábẹ́ kò bá gbogbo West Bay, ọ̀sà tó wà lẹ́yìn Galveston, lọ. Òkìtì ọ̀ísítà, ẹran omi oníkarahun mímú, pọ̀ níbẹ̀, omi á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má dé orúnkún.

Àbúrò mi ará Katy, gbọ́ tèmi. Wá àlòkù, èyí tí wọ́n ń jókòó lé lórí, má ra èyí tí wọ́n ń kó ẹsẹ̀ sínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń kó ẹsẹ̀ sínú, tó bá dojú dé, omi á kún inú rẹ̀, o ò sì ní lè gbọ́n ọn tán lójú agbami. Èyí tí wọ́n ń jókòó lé lórí ní ihò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Omi tó bá rọ́ wọlé á bá ibẹ̀ jáde. Kó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 11 tàbí 12. Èyí tó kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ kì í sáré, orí rẹ̀ a sì máa yí kiri. Fífẹ̀ rẹ̀, íǹṣì 32 sí 34 dára fún ẹni tó lára bíi tìrẹ.

Wàyí o, wo ìwọ̀n ẹrù tí wọ́n kọ sára rẹ̀ dáadáa. Tí wọ́n bá kọ páùn 350, má rò pé o lè kó 350 lé e kí ó sì máa lọ geere. Ó lè má rì, àmọ́ yóò jókòó sínú omi, ìgbì kékeré á máa gorí rẹ̀. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ni kí o máa wò. Ìwọ nìkan jẹ́ 245, kí a tó ka omi mímu, yìnyín àti irin ìpẹja. Nítorí náà, wá èyí tó lè gbé 400 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àdùkẹ́_Galveston

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, nítorí ọkùnrin ni gbogbo yín, ọkọ̀ lẹ sì ń sọ.

Bọ̀dá, ṣé ẹ ti ṣubú sínú omi jíjìn rí tẹ́ ẹ sì padà gun ọkọ̀ láìsí ẹni tó fà yín? Tẹ́ ẹ bá ní rárá, kò ì tíì yẹ kẹ́ ẹ ra ọ̀pá ìpẹja kankan. Ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ fowó rà ni life jacket, ẹ̀wù tó ń mú èèyàn léfòó, tó ṣe wẹ́kú lára yín, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ga, kó má baà máa ti àga ọkọ̀. Òfin Texas ní kó wà nínú ọkọ̀ fún olúkúlùkù, ó sì ní kí ọmọ tí kò ì tí ì pé ọdún 13 wọ̀ ọ́ sọ́rùn. Àgbà lè fi tirẹ̀ sábẹ́ àga, òfin ò ní mú un. Èmi ò ní bá irú àgbà bẹ́ẹ̀ jáde.

Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ dómi, ẹ má mú ìwọ̀ dání. Ẹ lọ síbi tí omi ti mu yín dé àyà, kẹ́ ẹ mọ̀ọ́mọ̀ dojú ọkọ̀ dé. Ẹ na ọwọ́ kọjá lórí ikùn rẹ̀, ẹ di etí òdìkejì mú, kẹ́ ẹ fi gbogbo ara fà á sọ́dọ̀ ara yín títí tó fi máa yí padà. Lẹ́yìn náà, ẹ dojú kọ àárín rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín léfòó lẹ́yìn yín, kẹ́ ẹ máa fẹsẹ̀ lu omi bí ẹni ń wẹ̀. Àṣìṣe tí púpọ̀ èèyàn ń ṣe ni pé ẹsẹ̀ wọn ń wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ, ọkọ̀ á sì tún dojú dé lé wọn lórí. Tí ẹsẹ̀ bá ti wà lókè omi, ẹ ti ara yín gorí ọkọ̀, kí ikùn yín dùbúlẹ̀ lé e. Ẹ yí padà kí ìdí yín bọ́ sórí àga, kẹ́ ẹ wá kó ẹsẹ̀ wọlé kẹ́yìn. Ẹ máa ṣe é títí á fi mọ́ yín lára, kẹ́ ẹ wá lọ síbi tí ẹsẹ̀ ò ti kan ilẹ̀, kẹ́ ẹ tún ṣe é, pẹ̀lú ẹnìkejì nítòsí.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Katy

Anti Àdùkẹ́, ẹ̀rù ti bà mí, àmọ́ mo gbọ́. Ibo ni kí n ti lọ dojú dé?

Baba_Ẹlẹ́ja

Galveston Island State Park, apá tó kọjú sí ọ̀sà, kì í ṣe apá òkun. Omi ibẹ̀ kò jìn, ọ̀nà ìtukọ̀ tí wọ́n ti fi àmì sí wà níbẹ̀. Wàá san owó ẹnubodè. Tó o bá mọ ibẹ̀ tán, Christmas Bay náà ní ọ̀nà ìtukọ̀ tirẹ̀, ẹja sì wà níbẹ̀. Má sún mọ́ ọ̀nà àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń lọ sí èbúté Houston, má sì sún mọ́ ibi tí ọkọ̀ tó ń gbé mọ́tò lọ sí Bolivar ń gbà. Ọkọ̀ ńlá lè ti kọjá lọ, kí ìgbì rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bá ọ.

Ọmọ_Ẹ̀pẹ́

Ẹ kú ìjíròrò o. Ẹ̀pẹ́ ni mo ti ń kọ̀wé. Ọ̀sà ni bàbá mi fi tọ́ wa. Igi gbígbẹ́ ni ọkọ̀ rẹ̀, àjẹ̀ kan ṣoṣo, kò sí àga, kò sí ihò tí omi ń bá jáde. Ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín díẹ̀ ná: àwọn òyìnbó ń ta ọkọ̀ rọ́bà ẹgbẹ̀rún kan dọ́là fún yín láti ṣe ohun tí a ń ṣe nílé.

Àmọ́ ohun kan wà tí mi ò rí kí ẹnikẹ́ni sọ. Tí bàbá mi bá dé etí omi, kì í gbé ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀. Á dúró, á wo ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ ló máa kọ́kọ́ tukọ̀ lọ, nígbà tí agbára ṣì wà lápá rẹ̀. Tó bá di pé ó rẹ̀ ẹ́, afẹ́fẹ́ yẹn náà ni yóò gbé e bọ̀ wálé. Àwọn ọmọdé ló máa ń ṣe òdì rẹ̀: afẹ́fẹ́ á gbé wọn lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, inú wọn á dùn, ó di ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ yíjú padà.

Baba_Ẹlẹ́ja

Ọmọ Ẹ̀pẹ́, o káre! Mo fẹ́ kí ará Katy ka ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo àríyànjiyàn nípa irú ọkọ̀, eré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ afẹ́fẹ́.

Ní tiwa níhìn-ín, wo àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ NOAA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó ojú ọjọ́ àti òkun, kó o tó kúrò nílé. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n bá ní afẹ́fẹ́ máa lé ní máìlì 10 ní wákàtí kan, lọ ṣe nǹkan mìíràn lọ́jọ́ náà. Tó o bá ti ń rí i tí orí ìgbì ń hó funfun, má gbé ọkọ̀ sílẹ̀ rárá. Tún wo bí omi ṣe ń ṣàn: tí afẹ́fẹ́ bá dojú kọ ìṣàn, ìgbì á ga, á sì máa ṣẹ́ léra wọn gátagàta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé afẹ́fẹ́ náà kò le.

Nígbà ooru ibí, òjò àti mọ̀nàmọ́ná máa ń dédé yọ lọ́sàn-án. Jáde ní ìdájí, kó o ti wà létí omi kí oòrùn tó kan àtàrí. Tó o bá ń gbọ́ àrá, mọ̀nàmọ́ná ti sún mọ́ ọ tó láti pa ọ́, ìwọ nìkan sì ni nǹkan tó ga lórí omi, pẹ̀lú ọ̀pá ìpẹja tó nà sókè.

Nígbà òtútù, ewu ibẹ̀ yàtọ̀. Tí afẹ́fẹ́ àríwá bá fẹ́ wọlé, ó máa ń ti omi jáde kúrò nínú ọ̀sà lọ sínú òkun. Ibi tó o fi ọkọ̀ gbà wọlé láàárọ̀ á ti di ẹrẹ̀ lọ́sàn-án. Ẹrẹ̀ yẹn lè gbé èèyàn mì dé itan, òkìtì ọ̀ísítà tó wà láàárín rẹ̀ sì mú bí abẹ.

Kẹ́hìndé_Kent

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Texas ń gbádùn. Ní Kent níhìn-ín, ní England, omi tútù ló kọ́kọ́ ń pa èèyàn, kì í ṣe ìgbì. Bí ẹni bá já sínú omi tútù, èémí rẹ̀ á gé lójijì, á máa mí gúlegúle, kò sì ní lè dá èémí náà dúró fún bí ìṣẹ́jú kan. Tí orí rẹ̀ bá wà lábẹ́ omi lásìkò yẹn, omi ló máa mí símú. Ìdí nìyẹn tí life jacket fi gbọ́dọ̀ wà lọ́rùn: kò sí ẹni tó lè wọ̀ ọ́ nínú omi nírú ìṣẹ́jú yẹn. Aṣọ tí omi kì í wọ̀ ni mò ń wọ̀ títí di oṣù kẹfà. Bí omi ṣe tutù sí la fi ń múra, a kì í wo oòrùn. Ẹ̀yin náà tẹ́ ẹ máa ń jáde ní oṣù kìíní, ẹ má rò pé Gulf, òkun tiyín níbẹ̀, ò lè tutù.

Ohun tó dùn níbí ni pé òkun kò nílò láísẹ́ǹsì ìpẹja. Odò àti adágún ni wọ́n ti ń béèrè rẹ̀ ní England, láti ẹni ọdún 13 lọ sókè.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Katy

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n Kẹ́hìndé. Láísẹ́ǹsì ti Texas ńkọ́? Mo ní tèmi, àmọ́ èyí tí mo rà fún adágún ni. Ṣé ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ nílò nọ́ńbà?

Gbóyèga_Pearland

Kayak tí kò ní ẹ́ńjìnnì kò nílò nọ́ńbà. Tẹ́ ẹ bá ti so ẹ́ńjìnnì mọ́ ọn, ìbáà jẹ́ ti bátìrì, ẹ gbọ́dọ̀ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ nílò fèrè, àti iná funfun tẹ́ ẹ bá máa wà lórí omi lẹ́yìn ìwọ̀ oòrùn.

Láísẹ́ǹsì adágún kò tó fún ọ̀sà. Ẹ gbọ́dọ̀ ní ti omi iyọ̀. Ẹni tó dúró sí etí omi nínú páàkì ìpínlẹ̀ lè pẹja láìní láísẹ́ǹsì rárá, àmọ́ ẹ má tìtorí ìyẹn wọ kayak lọ sójú ọ̀sà láìní in. Awọn aṣọ́dẹ Texas Parks and Wildlife, iléeṣẹ́ ìpínlẹ̀ tó ń mójú tó ẹja àti ẹranko igbó, mọ iṣẹ́ wọn, ẹ̀bẹ̀ ò sì sí lọ́dọ̀ wọn.

Ẹ wọn gbogbo ẹja. Redfish: láti íǹṣì 20 dé 28, mẹ́ta lóòjọ́, èyí tó bá gùn ju 28 lọ, ẹ ò gbọdọ̀ mú un láìfi káàdì ara láísẹ́ǹsì yín so mọ́ ọn. Speckled trout: láti 2024, íǹṣì 15 sí 20, mẹ́ta. Flounder: íǹṣì 15 lọ sókè, márùn-ún, àmọ́ láti November 1 dé December 14, ẹ kò gbọdọ̀ mú ẹyọ kan. Ẹ tún máa yẹ òfin wò lọ́dọọdún, wọ́n máa ń yí i padà.

Baba_Ẹlẹ́ja

Mo gba ti Gbóyèga lórí èyí.

Irin ìpẹja ńkọ́? Má jẹ́ kí wọ́n tan ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà méje kan, tí kò le jù, tí kò rọ̀ jù, pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ okùn tó wà ní ìwọ̀n 3000, okùn híhun páùn 15, kó o so okùn tó mọ́ gaara tí ẹja ò lè tètè rí mọ́ iwájú rẹ̀. Ra ede tó wà láàyè, fi kọ́ ìwọ̀ lábẹ́ léfòóléfòó tó ń dún gbọ̀ọ̀ nígbà tí a bá fà á. Ẹja á rò pé ẹja mìíràn ló ń jẹun lókè, á wá wò ó. Ju sí etí koríko, níbi tí omi ti ń ṣàn jáde láti inú irà nígbà tí ọ̀sà bá ń fà. Ibẹ̀ ni redfish ń dúró de oúnjẹ. Àmì dúdú tó wà nídìí ìrù rẹ̀ lo máa fi dá a mọ̀.

Àwọn ará ilé á fẹ́ mọ̀: redfish àti kòrókà tí à ń dín nílé, ìdílé kan náà ni. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń kùn nínú ọkọ̀ bí ẹni ń lu ìlù kékeré. Ẹni tí kò gbọ́ ọ rí á rò pé ọkọ̀ ló ń ya.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Katy

Ìdákọ̀ró ńkọ́? Mo rí ọ̀kan olórí mẹ́rin tó ń ṣẹ́ po, kò wọ́n.

Baba_Ẹlẹ́ja

O lè rà á, èyí tó jẹ́ páùn mẹ́ta tó. Àmọ́ gbọ́ o: má so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ láéláé. Tí ìṣàn bá gbá ọkọ̀ ní ìbú nígbà tí okùn fà á mọ́lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, á dojú dé kó o tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Iwájú tàbí ìdí ọkọ̀ ni okùn gbọ́dọ̀ ti fà á. Fi bọ́ọ̀lù kékeré tó ń léfòó sí orí okùn náà, kó o lè já a sílẹ̀ kíá tí nǹkan bá bàjẹ́, kó o sì padà wá mú un. So ọ̀bẹ mọ́ life jacket rẹ. Níbi tí ìṣàn bá ti le, má dá ọkọ̀ ró rárá. Nínú omi tí kò jìn, ọ̀pá tí a gún mọ́ ẹrẹ̀ dára jù ú lọ.

Àdùkẹ́_Galveston

Nọ́ọ̀sì ni mí, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un. Hardhead, ẹja onírùngbọ̀n tó pọ̀ ní ọ̀sà yìí, ní ẹ̀gún mẹ́ta: ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ẹ̀gún yẹn ní oró. Ẹ má fọwọ́ lásán gbá a mú, ẹ má sì fẹsẹ̀ gbá a lórí iyanrìn. Ẹ fi irin dì í lẹ́nu, kẹ́ ẹ sì fi píláyà yọ ìwọ̀.

Ọmọ_Ẹ̀pẹ́

Bí obòkún tiwa ṣe rí gan-an nìyẹn. Ẹni tí ẹ̀gún obòkún bá gún á ké bí ọmọdé, bó ti wù kó dàgbà tó.

Àdùkẹ́_Galveston

Ó dà bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ nínú omi, ẹ má gbé ẹsẹ̀ sókè. Ẹ máa wọ́ ọ nílẹ̀, kí ẹja pẹlẹbẹ tí ìrù rẹ̀ ní oró lè mọ̀ pé ẹ ń bọ̀, kó sá.

Èyí tó ká mi lára jù ni egbò. Kòkòrò àìfojúrí kan wà nínú omi iyọ̀ lọ́wọ́ọ́wọ́ tí wọ́n ń pè ní Vibrio vulnificus. Ojú egbò ló ń gbà wọlé, ó sì lè gba ẹsẹ̀ tàbí ẹ̀mí láàárín ọjọ́ mélòó kan, pàápàá lára ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò dá tàbí tó ní àtọ̀gbẹ. Tẹ́ ẹ bá ní egbò, ẹ má wọ omi. Tí ọ̀ísítà bá ya yín lẹ́sẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi mímọ́ fọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Tó bá wú, tó pọ́n, tí ibà sì dé, ẹ sáré lọ sílé ìwòsàn, kẹ́ ẹ sì sọ fún dókítà pé omi iyọ̀ lẹ wọ̀. Bí ẹ ò bá sọ ọ́, wọ́n lè pẹ́ kí wọ́n tó ronú kàn án.

Àti pé, bọ̀dá, ẹ kọ ibi tẹ́ ẹ ń lọ àti àsìkò tẹ́ ẹ máa dé sílẹ̀ fún ìyàwó yín. Tí àsìkò bá kọjá tí kò gbúròó yín, kó pe 911.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Katy

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti padà dé. Mo rí àlòkù ẹsẹ̀ bàtà 12 kan ní Friendswood, dọ́là 425, pẹ̀lú àjẹ̀. Ó lè gbé páùn 400. Life jacket ni mo kọ́kọ́ rà, Anti, ẹ dín ìbínú yín kù. Mo dì í mọ́ orí Corolla pẹ̀lú ìgbànú méjì, mo tún so iwájú àti ìdí rẹ̀ mọ́ mọ́tò. Mo lọ dojú dé ní páàkì, mo sì mu omi iyọ̀ yó. Ìgbà tí mo tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ẹsẹ̀ léfòó ni mo tó gun ún láìsí ìrànlọ́wọ́. Ìyàwó mi jókòó sí etí omi, ó ń fi fóònù ya fídíò.

Lọ́sẹ̀ yìí mo mú ìwọ̀ dání. Mo kọ́kọ́ tukọ̀ lòdì sí afẹ́fẹ́, bí ọmọ Ẹ̀pẹ́ ṣe wí. Mo mú speckled trout méjì tó wọ òfin, mo sì dá redfish kan tí kò tó íǹṣì 20 padà. Nígbà tí mo la àwọn trout náà, mo rí kòkòrò funfun gígùn bí spaghetti nínú ẹran ọ̀kan. Ìyàwó mi ti ní òun ò jẹ. Ṣé kí n dà á nù?

Baba_Ẹlẹ́ja

Má dà á nù. Ó wọ́pọ̀ nínú trout àti black drum. Aràn ni, inú yanyan ló ti ń dàgbà parí, kò lè gbé nínú èèyàn. Fi ọ̀bẹ fà á jáde, kó o dín ẹja náà jinná dáadáa.

Gbóyèga_Pearland

Ẹ má ṣàlàyé ti yanyan fún ìyàwó o. Ẹ sáà dín in, kẹ́ ẹ fi ata rodo tó pọ̀ sí i.

Àdùkẹ́_Galveston

Kẹ́ ẹ sì fi omi mímọ́ ṣan kẹ̀kẹ́ okùn yẹn lónìí, ká tó gbọ́ pé iyọ̀ ti jẹ ẹ́. Ọjọ́ wo lẹ tún ń jáde? Mi ò sí níṣẹ́ ní Satidé, tí afẹ́fẹ́ bá gbà.